Ẹ̀kọ́ lórí Egbò Àdáàjinná àti Ìdánwò Oògùn

Àwọn baba wa máa ń wí pé kékeré ni a ti í pẹ̀kan ìrókò, nítorí bí ó bá dàgbà tán, yóò máa gba ẹbọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn rí ní ti egbò kan tí ó ń bá àwọn ènìyàn jà ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ní àwọn ìletò ẹnubodè ilẹ̀ Yewa, láti apá Ìlaròó títí dé apá Ayétòrò. Ẹ̀kọ́ méjì ni a fẹ́ kọ́ nínú ìwé yìí. Èkínní ni bí a ti í mọ egbò náà ní kékeré rẹ̀. Èkejì, èyí tí yóò gùn jù, ni ohun tí ó yẹ kí ènìyàn mọ̀ bí àwọn oníṣègùn bá pè é pé kí ó wá yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìdánwò oògùn. A so ẹ̀kọ́ méjèèjì pọ̀ nítorí pé oògùn tí ń wo egbò yìí sàn lónìí, nípa irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ ni a fi rí i, ọ̀kan nínú àwọn ibi tí a sì ti ṣe é kò jìnnà sí wa rárá.

I. EGBÒ NÁÀ

Egbò Buruli ni àwọn oníṣègùn ń pè é, nítorí pé ní agbègbè Buruli ní ilẹ̀ Ùgáńdà ni a ti rí ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ní i. Kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí ni ó ń fà á, ìbátan àwọn kòkòrò tí ń fa ẹ̀tẹ̀ àti ikọ́ ife sì ni. Kòkòrò yìí a máa tú oró sínú ara. Oró náà a máa pa ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ awọ, a sì máa pa ìrora pẹ̀lú. Níhìn-ín ni ẹ̀tàn rẹ̀ wà, nítorí ohun tí kò dun ènìyàn, kì í tètè kà á sí.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ bí kókó kékeré kan lábẹ́ awọ apá tàbí ẹsẹ̀. Nígbà mìíràn, ibì kan lára ni yóò le, tàbí kí gbogbo apá tàbí ẹsẹ̀ wú. Lẹ́yìn náà awọ a bẹ́, egbò a sì yọ, etí egbò náà a ṣófo lábẹ́, inú rẹ̀ a sì funfun bí òwú. Kì í sábà mú ibà wá. Bí a bá fi í sílẹ̀, ó lè jẹ apá tàbí ẹsẹ̀ lọ jìnnà. Nígbà tí ó bá sì jinná, àpá rẹ̀ a máa fa oríkèé pọ̀, tí ọwọ́ kò ní lè nà mọ́, tí ẹsẹ̀ kò sì ní lè tẹlẹ̀ dáradára. Ní ilẹ̀ Áfíríkà, nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó ń mú ni wọn kò tí ì pé ọdún 15.

Ibi tí omi kì í ti ṣàn kíákíá, ní àbàtà àti ní etí odò, ni a ti sábà ń rí i. Kì í ràn láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíràn bí ìgbà tí inarun ń ràn, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi lé aláìsàn kúrò nínú ilé tàbí tí a kò ní bá a jẹun pọ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe àsàsí. Kì í tilẹ̀ ṣe àrùn tuntun láàrin wa, nítorí ní ọdún 1976 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti kọ̀wé jáde nípa àwọn tí ó ní i ní ilẹ̀ Nàìjíríà.

Ní òdìkejì ẹnubodè wa, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ tí a ń pè ní Dahomey títí di ọdún 1975, ni ìlú Pobè wà. Ilé ìwòsàn kan wà níbẹ̀ tí a yà sọ́tọ̀ fún egbò yìí, tí Ẹgbẹ́ Raoul Follereau ti ilẹ̀ Faransé ń ràn lọ́wọ́. Ní ọdún 2015, àwọn oníṣègùn tẹ ìròyìn jáde nípa àwọn aláìsàn 127 tí wọ́n ti ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà kọjá lọ gba ìwòsàn ní Pobè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti pẹ́ nílé kí wọ́n tó lọ, egbò wọn sì ti gbòòrò. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà sí i.

II. BÍ A TI Í DÁN OÒGÙN WÒ

Ẹ jẹ́ kí á mú àpẹẹrẹ láti oko. Àgbẹ̀ kan rí irúgbìn àgbàdo tuntun gbà, wọ́n sì sọ fún un pé ó dára ju ti àtijọ́ lọ. Bí ó bá gbin tuntun sí etí odò, tí ó gbin ti àtijọ́ sórí òkè olókùúta, tí tuntun sì so jù, kí ni yóò wí? Ṣé irúgbìn ni ó ṣe é, tàbí ilẹ̀? Kò lè mọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọlọ́gbọ́n, yóò pín oko kan náà sí ebè púpọ̀. Kò ní fi ojú yan èyí tí yóò gba irúgbìn tuntun, nítorí ọkàn rẹ̀ lè fà sí ibi tí ilẹ̀ ti dára. Kèké ni yóò ṣẹ́. Yóò gbin méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, yóò ro wọ́n bákan náà, nígbà ìkórè yóò sì wọn ti èkínní àti ti èkejì, láìfi èyí tí kò so dáradára pamọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdánwò oògùn rí. Ó ti pẹ́ tí a ti ń ṣe irú rẹ̀. Ní ọdún 1747, James Lind, oníṣègùn inú ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mú àwọn atukọ̀ 12 tí àrùn kan náà ń ṣe, àrùn tí ń mú èrìgì wú tí ó sì ń mú un ṣẹ̀jẹ̀. Ó pín wọn ní méjì méjì, ó sì fún méjì kọ̀ọ̀kan ní ohun tí ó yàtọ̀. Àwọn méjì tí ó fún ní ọsàn àti ọsàn wẹ́wẹ́ ni ara wọn tètè yá jù.

Ní ayé ìsinsìnyí, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà ni ó sábà máa ń ṣẹ́ kèké náà, kí oníṣègùn má ba à kó àwọn tí ara wọn le sí apá kan. Ṣé ẹ̀mí ènìyàn ni wọ́n ń fi ta tẹ́tẹ́ ni? Rárá. Òfin ìdánwò ni pé a kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kèké àfi bí àwọn tí ó mọ̀ jù kò bá tí ì lè sọ, nínú ìtọ́jú méjèèjì, èyí tí ó dára jù. Bí a bá ti mọ èyí tí ó sàn, tí a sì tún fi í du aláìsàn, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

III. OHUN TÍ A ṢE NÍ GÁNÀ ÀTI NÍ PÓBÈ

Nígbà kan rí, ọ̀bẹ nìkan ni ìwòsàn egbò yìí. Wọn a gé ẹran tí ó ti bàjẹ́ kúrò, wọn a sì mú awọ láti ibòmíràn lára bò ó. Ní ọdún 2004, Àjọ Ìlera Àgbáyé dámọ̀ràn oògùn méjì fún ọ̀sẹ̀ 8: rifampicin tí a ń gbé mì, àti streptomycin tí a ń gún bí abẹ́rẹ́. Ní Pobè, wọ́n fi wọ́n tọ́jú àwọn aláìsàn 224, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2007. Àwọn 215 ni ìtọ́jú náà yọrí sí rere fún, àwọn 102 nínú wọn kò sì rí ọ̀bẹ rárá.

Ìbùkún ńlá ni èyí. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ó kù. Ojoojúmọ́ ni abẹ́rẹ́ náà, fún ọjọ́ 56. Ọmọdé tí ń gba abẹ́rẹ́ 56 ní ìdí kò lè lọ sí ilé ẹ̀kọ́ bí ó ti yẹ, ìyá rẹ̀ kò sì lè lọ sí oko tàbí ọjà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, streptomycin lè ba etí jẹ́, kò sì yẹ fún aboyún. Nítorí náà ni àwọn oníṣègùn fi béèrè pé: bí a bá fi oògùn mìíràn tí a ń gbé mì, èyí tí a ń pè ní clarithromycin, rọ́pò abẹ́rẹ́ náà, ṣé egbò yóò jinná bákan náà?

Wọ́n kọ́kọ́ fi oògùn tí a ń gbé mì nìkan tọ́jú àwọn aláìsàn 30 ní Bẹ̀nẹ̀, ìròyìn rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2011. Ó dára, ṣùgbọ́n ènìyàn 30 kò tó láti fi pàṣẹ fún gbogbo ilẹ̀. Nígbà náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ńlá, láti ọdún 2013 dé ọdún 2017, ní ilé ìwòsàn mẹ́rin ní Gánà àti ní Pobè ní Bẹ̀nẹ̀. Àwọn 310 ni ó wọ inú rẹ̀. Àwọn tí egbò wọn kò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ nìkan ni wọ́n gbà, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìbú àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Àwọn kan gba abẹ́rẹ́ pẹ̀lú rifampicin, àwọn yòókù gba oògùn tí a ń gbé mì nìkan, gẹ́gẹ́ bí kèké ti mú olúkúlùkù. Ọ̀sẹ̀ 8 ni wọ́n lo oògùn, ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 52 ni a fi ń ṣọ́ wọn.

Ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn 297 ni wọ́n ní egbò Buruli dájúdájú. Nínú àwọn 151 tí ó gba abẹ́rẹ́, egbò 144 jinná láàrin ọdún kan. Nínú àwọn 146 tí ó gba oògùn tí a ń gbé mì, egbò 140 jinná. Ẹ rí i pé ọgbọọgba ni. Ní ti ìpalára, àwọn 20 ni oògùn yọ lẹ́nu ní apá ti abẹ́rẹ́, àwọn 9 sì ni ní apá kejì. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kò le, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ náà ba etí ẹnì kan jẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi dá a dúró fún un lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6. Oògùn kò pa ẹnikẹ́ni ní apá méjèèjì.

Ní ọdún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti dámọ̀ràn pé kí oògùn tí a ń gbé mì rọ́pò abẹ́rẹ́; ìdánwò yìí sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ọmọ tí ó bá ní egbò yìí lónìí lè jókòó ti ìyá rẹ̀, kí ó gbé oògùn rẹ̀ mì pẹ̀lú omi, kí ó sì lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Àwọn 310 wọ̀nyí ni ó ra ìrọ̀rùn náà fún un. Iṣẹ́ kò sì tí ì tán, nítorí lẹ́yìn náà ni a tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò mìíràn ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, láti mọ̀ bóyá oògùn kẹta tí a bá fi kún un lè sọ ọ̀sẹ̀ 8 di ọ̀sẹ̀ 4.

IV. ÌDÍ TÍ ÀWỌN KAN FI Ń BẸ̀RÙ

Ẹnìkan lè wí pé, "Èmi kò fẹ́ kí a fi ọmọ mi ṣe ìdánwò bí ẹni fi eku ṣe é." Kí a má ṣe fi ẹni bẹ́ẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà, nítorí ìbẹ̀rù rẹ̀ ní gbòǹgbò.

Ní ọdún 1996, nígbà tí àrùn yínrùnyínrùn jà gidigidi ní Kánò, iléeṣẹ́ Pfizer ti Amẹ́ríkà dán oògùn kan tí a ń pè ní Trovan wò lára àwọn ọmọdé níbẹ̀. Nǹkan bí ọmọ 200 ni ó wà nínú ìdánwò náà. Apá kan gba Trovan, apá kejì gba oògùn tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ 11 kú, láti apá méjèèjì. Àwọn òbí wí pé a kò sọ fún àwọn pé ìdánwò ni. Iléeṣẹ́ náà wí pé a fi ẹnu ṣàlàyé fún wọn, àti pé àrùn ni ó pa àwọn ọmọ náà. Ẹjọ́ rẹ̀ pẹ́ ní kóòtù. Ní ọdún 2009, iléeṣẹ́ náà gbà láti san 75 mílíọ̀nù dọ́là lábẹ́ àdéhùn pẹ̀lú Ìpínlẹ̀ Kánò. Nígbà tí Kánò sì dá oògùn àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró ní ọdún 2003, ìrántí ọ̀ràn yìí wà lára ohun tí ó mú kí àwọn òbí máa fura.

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níhìn-ín. Ẹni tí ó bá dán oògùn wò láìjẹ́ kí ó yé aláìsàn, ó ń ba ọ̀nà jẹ́ fún gbogbo ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tí ó bá sì kọ gbogbo ìdánwò nítorí ọ̀kan, ó ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ tí a kò tí ì bí. Nítorí èyí ni a fi ní òfin. Ní ọdún 2007, Nàìjíríà gbé ìlànà jáde fún gbogbo ìwádìí ìlera tí a bá fi ènìyàn ṣe: ìgbìmọ̀ tí kò sí lára àwọn olùṣèwádìí ní láti kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, kí ó sì fọwọ́ sí i, kí a tó pe aláìsàn kan.

V. OHUN TÍ ẸNI TÍ A BÁ PÈ NÍ LÁTI BÉÈRÈ

Abéèrè kì í ṣìnà. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ béèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí, ẹ má sì ṣe tijú.

1. Kí ni ẹ fẹ́ mọ̀, kí ni ìdí rẹ̀ tí ẹ fi nílò irú mi?

2. Bí mo bá kọ̀, ìtọ́jú wo ni n ó rí gbà? Ìdáhùn tí ó tọ́ ni pé ẹ ó gba ìtọ́jú tí gbogbo ènìyàn ń gbà, láìsí ìbínú.

3. Apá mélòó ni ó wà, báwo ni a ó sì ti yan èyí tí n ó wà? Kí ó yé yín pé kò dájú pé oògùn tuntun ni yóò kàn yín, kò sì dájú pé tuntun ni ó sàn jù.

4. Ìpalára wo ni a ti mọ̀ pé ó lè ṣe? Bí ó bá ṣe mí, ta ni yóò tọ́jú mi, ta ni yóò san owó rẹ̀?

5. Ìgbà mélòó ni n ó wá, yóò ti pẹ́ tó? Ta ni yóò san owó ọkọ̀? Bí ìgbà ìkórè bá kò ó ńkọ́?

6. Ìgbìmọ̀ wo ni ó fọwọ́ sí i? Ẹ jẹ́ kí n rí ìwé rẹ̀.

7. Kí ni ẹ ó ṣe sí ẹ̀jẹ̀ mi, àwòrán egbò mi, àti orúkọ mi?

8. Ṣé mo lè jáde nígbà tí mo bá fẹ́? Ìdáhùn tí ó tọ́ ni bẹ́ẹ̀ ni, lọ́jọ́kọ́jọ́, láìsan ohunkóhun.

Ní ẹnubodè wa, ìwé náà lè jẹ́ ti Faransé tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti gbọ́ gbogbo rẹ̀ ní èdè tí ẹ fi ń lálàá. Bí ẹnìkan kò bá lè kàwé, kí ẹlẹ́rìí tí ó mọ̀ ọ́n kà, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìwádìí náà, jókòó tì í, kí ó tó tẹ ìka. Ní ti ọmọdé, òbí ni yóò fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó ti gbọ́n tó láti lóye, kí a bi í pẹ̀lú. Ẹ lè gbé ìwé náà lọ sílé láti bá ìdílé yín rò ó.

Ẹ sì kíyè sára. Bí ẹnìkan bá dé abúlé pẹ̀lú oògùn, tí kò ní ìwé láti ilé ìwòsàn, tí ó ń béèrè owó kí ó tó gbà yín sínú ìdánwò, tí ó ń kánjú pé kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹsẹ̀, tàbí tí ó wí pé ẹ kò lè jáde mọ́, ẹ jìnnà sí i.

VI. OJÚṢE ẸNI TÍ Ó BÁ GBÀ

Ẹni tí ó bá gbà ní ojúṣe tirẹ̀ pẹ̀lú. Kí ó lo oògùn bí a ti pàṣẹ, kí ó má ṣe fún ọmọ aládùúgbò nínú rẹ̀. Bí ó bá ń lo àgbo tàbí ewé sí egbò náà, kí ó sọ ọ́, nítorí bí ó bá fi pamọ́, a kò ní mọ èyí tí ó ṣiṣẹ́. Bí etí rẹ̀ bá ń hó, tàbí tí òòyì bá ń kọ́ ọ, tàbí tí inú bá ń run ún, kí ó tètè wí. Bí ó bá ń ṣí lọ sí oko mìíràn, kí ó fi ọ̀nà tí a ó gbà rí i sílẹ̀.

Lákòótán, kí ó máa padà wá ní ọjọ́ tí a dá, àní bí egbò bá ti jinná. Àgbẹ̀ tí kò wọn apá kan oko rẹ̀ nígbà ìkórè kò lè mọ ohun tí oko náà mú wá. Bí àwọn tí ara wọn yá bá lọ láìpadà, ìṣirò yóò bàjẹ́, ìyọ̀ǹda gbogbo àwọn yòókù yóò sì di asán.

VII. ÌMỌ̀RÀN FÚN ILÉ

Ẹ rántí àwọn 127, àti òṣùwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 nì. Ẹni tí ó pẹ́ nílé títí egbò rẹ̀ fi gbòòrò kò lè wọ inú ìdánwò ńlá náà. Ohun tí ó sì burú jù ni pé ìwòsàn rẹ̀ yóò pẹ́, ó sì lè nílò ọ̀bẹ. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá ń wẹ ọmọ, ẹ máa fọwọ́ pa apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wò. Kókó tí kò dùn ún tí kò sì lọ, ibi tí ó le lára, wíwú tí kò ní ìdí, egbò tí ó ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ láìjinná: ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí a yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ẹ bá ń lọ sí oko àbàtà, ẹ wọ aṣọ tí ó bo apá àti ẹsẹ̀. Bí ara bá bó, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì bò ó.

ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́ Ẹ̀KỌ́

1. Kí ni ó ń mú kí ènìyàn má tètè fiyè sí egbò yìí?

2. Kí ni ìdí tí àgbẹ̀ ọlọ́gbọ́n kò fi fi ojú yan ebè tí yóò gba irúgbìn tuntun?

3. Kí ni àǹfààní tí àwọn 310 ní Gánà àti Bẹ̀nẹ̀ mú wá fún àwọn ọmọ wa?

4. Bí a bá pè ọ́ sí ìdánwò lọ́la, ìbéèrè mẹ́ta wo ni ìwọ yóò kọ́kọ́ béèrè?

5. Nínú agbo ilé tìrẹ, ta ni ó ní egbò tí kò jinná, kí ni ẹ ó sì ṣe nípa rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí?